Tọ́bò Kọ́ Ló Máa Ń Jẹ̀bi

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Passat aláwọ̀ eérú kan, tòkunbọ̀, tí ẹ́ńjìnnì 1.8T wà nínú rẹ̀. Bó bá jí láàárọ̀, tó wa ọkọ̀ náà kúrò lójú kan, á bá àmì ọ́ìlì nílẹ̀, tó fẹ̀ tó ojú kọ́bọ̀ mẹ́ta mẹ́rin. Bó bá sì dé ọ̀nà márosẹ̀, tó tẹ tọ́tù pé kóun ya tírélà kan sílẹ̀, ọkọ̀ á ṣe bí ẹni fẹ́ gbéra, lẹ́yìn náà á rọ̀ wọ̀ọ̀, àfi bí ẹni tí wọ́n fa aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn. Mẹkáníìkì ní tọ́bò ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ra tọ́bò tòkunbọ̀. Oṣù kan kò pé, ọ́ìlì tún ń kán, ọkọ̀ tún ń rọ̀. Wọ́n ní èyí tí wọ́n tà fún un ni kò dáa, ló bá tún ra òmíràn. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó rí i pé fáàfù oníke kékeré kan, tí kò tó àtàǹpàkò, ló wà nídìí gbogbo wàhálà náà.

Àìsàn méjì tó wọ́pọ̀ jù lára ọkọ̀ onítọ́bò ni mo fẹ́ bá yín sọ: ọ́ìlì tó ń jò, àti agbára tí kò dúró sójú kan. Àwọn èèyàn máa ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Èmi kì í yà wọ́n. Lójú tèmi, ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe tan mọ́ra kò ní tètè máa náwó sórí tọ́bò. Kò pọn dandan kí ẹ ti mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ti dáná rí, tí ẹ sì ti dúró ti fọ́kánáísà níbi tó ti ń lẹ táyà, ó ti tó.

Ẹ́ńjìnnì 1.8T yẹn náà ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé a mọ̀ ọ́n dáadáa lójú pópó wa. Volkswagen àti Audi ló ni ín. Àárín àwọn ọdún 1990 ló jáde, ó sì wà nínú Passat, Golf, Bora, Audi A4, A3 àti TT. Sìlíńdà mẹ́rin ló ní, fáàfù ogún. Ohun tí mo fẹ́ sọ bá ọkọ̀ onítọ́bò mìíràn mu pẹ̀lú. Ibi tí wọ́n to nǹkan sí nìkan ló máa ń yàtọ̀.

Kí ni tọ́bò gan-an? Ẹ ronú kan alágbẹ̀dẹ. Iná tó bá fi ẹwìrì fẹ́ máa ń gbóná ju èyí tó fi sílẹ̀ lọ, torí pé afẹ́fẹ́ tó ń dé ìdí ẹ̀yinná pọ̀ sí i. Ẹ́ńjìnnì náà, iná ló ń dá. Bí afẹ́fẹ́ tó wọ inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni epo tó lè jó nínú rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ náà sì ni agbára rẹ̀. Tọ́bò ni ẹwìrì ẹ́ńjìnnì.

Alágbẹ̀dẹ nílò ọmọṣẹ́ tí yóò máa fín ẹwìrì. Tọ́bò kò nílò ọmọṣẹ́. Èéfín tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ dà nù ló ń fín in. Èéfín yìí máa gba orí abẹ̀bẹ̀ irin kékeré kan kọjá, á sì máa yí i. Ọ̀pá irin kan ló so abẹ̀bẹ̀ yìí mọ́ abẹ̀bẹ̀ kejì, tó jẹ́ pé òun ló ń fa afẹ́fẹ́ láti inú fílítà, tó ń fún un pọ̀, tó sì ń tì í lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Alfred Büchi, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gbàwé àṣẹ oníhùmọ̀ lé e lórí ní ọdún 1905, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ohun ìran wíwò.

Agbára tí tọ́bò fi ń ti afẹ́fẹ́ yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní boost. Ìfúnpá la ó máa pè é. Bí ẹ bá sọ fún fọ́kánáísà pé kó fi 32 sí táyà yín, ìfúnpá lẹ̀ ń sọ yẹn. Nínú 1.8T alágbára ẹṣin 150, tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn, ìfúnpá tọ́bò máa ń wà ní àyíká 8 sí 10 lórí irú géèjì tí fọ́kánáísà ń lò. Ẹ rí i pé kò tó ìdá mẹ́ta ti táyà. Síbẹ̀, òun ló fà á tí ẹ́ńjìnnì kékeré fi ń ṣe bí ẹ́ńjìnnì ńlá.

Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ máa ń gbóná. Ẹ fọwọ́ kan ìdí páǹpù kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fi fẹ́ táyà, ẹ ó gbà mí gbọ́. Nítorí náà, kí afẹ́fẹ́ yìí tó wọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n máa ń mú un gba inú intercooler kọjá. Rédíétọ̀ afẹ́fẹ́ ni. Bí rédíétọ̀ omi ṣe ń tu omi lára ni òun náà ń tu afẹ́fẹ́ lára. Láti ẹnu tọ́bò dé rédíétọ̀ afẹ́fẹ́, láti ibẹ̀ dé ẹ́ńjìnnì, páìpù ńlá ńlá onírọ́bà ló so wọ́n pọ̀, kílíìpù ló sì dì wọ́n mú. Ẹ fi àwọn páìpù ńlá yìí sọ́kàn, a ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Fáànù àjà ilé yín, bó ti wù kó sáré tó, kì í sábà yí ju 400 ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pá inú tọ́bò lè yí ju 100,000 ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èéfín tó gbóná débi tí irin fi ń pọ́n. Irin kò gbọdọ̀ fara kan irin níbẹ̀. Orí ọ́ìlì ni ọ̀pá náà ń léfòó, bí ọkọ̀ ojú omi. Páìpù tín-ín-rín kan ló ń gbé ọ́ìlì wá láti ara ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú agbára. Páìpù kejì, tó sanra jù ú lọ, wà nísàlẹ̀ tọ́bò; ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì. Kò sí ohun tó ń tì í níbẹ̀, ṣe ló kàn ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, bí omi òjò ṣe ń ti orí òrùlé ṣàn.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí. Síìlì tó wà nínú tọ́bò, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde, kì í ṣe rọ́bà tó fún mọ́ ọ̀pá pinpin. Òrùka irin lásán ni, bíi ríìngì tó yí pisítìnì ẹ́ńjìnnì ká. Nǹkan méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́: afẹ́fẹ́ tó ń tì í láti ìta, àti ọ̀nà tó là fún ọ́ìlì láti ṣàn lọ. Bí ọ̀nà ìsàlẹ̀ bá dí, ọ́ìlì á kún inú tọ́bò, á sì gba ẹ̀gbẹ́ òrùka yẹn yọ. Bí afẹ́fẹ́ inú ikùn ẹ́ńjìnnì bá pọ̀ jù, ọ́ìlì kò ní rọ́nà ṣàn wọlé, ẹ̀gbẹ́ òrùka náà ni yóò gbà. Bí fílítà afẹ́fẹ́ bá dí fún eruku, abẹ̀bẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ́ìlì mọ́ ọn. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, tọ́bò ló máa ń bu ọ́ìlì sára, ó sì lè má sí ohun tó ṣe tọ́bò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; ẹni tó bá rí ọ́ìlì lẹ́nu tọ́bò, tó tú u dà nù láìwo ibòmíràn, ohun tó ṣe gan-an nìyẹn.

Níbo ni afẹ́fẹ́ inú ikùn ẹ́ńjìnnì ti wá? Nígbà tí epo bá ń jó lókè pisítìnì, díẹ̀ nínú èéfín rẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì wọ inú ikùn nísàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì wà. Bó bá dúró síbẹ̀, á máa pọ̀ sí i. Ẹ ti rí ìkòkò ìrẹsì tó ń hó tí ọmọrí rẹ̀ ń jó tàkà tàkà. Bí ẹ bá fi nǹkan wúwo tẹ ọmọrí náà mọ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ni èéhó á ti máa bẹ́ jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ́ńjìnnì. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ihò èémí fún un, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní breather. Àwa á máa pè é ní imú ẹ́ńjìnnì. Họ́ọ̀sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó ń kó èéfín yìí lọ sẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tún un jó.

Ìdàámú imú ẹ́ńjìnnì onítọ́bò ju ti ẹ́ńjìnnì lásán lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fà, ó ń fa èéfín inú ikùn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ tọ́tù, tí tọ́bò fẹ́, ibi kan náà yẹn kò fà mọ́, ńṣe ló ń fẹ́. Bí kò bá sí ohun tó dá a dúró, ìfúnpá tọ́bò á gba inú họ́ọ̀sì imú padà sínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Fáàfù ọlọ́nà-kan ló ń dá a dúró, fáàfù kékeré tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lọ tí kì í jẹ́ kó bọ̀. Ike ni. Iná ẹ́ńjìnnì ń jó o lójoojúmọ́. Ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún ní Jámánì àti Nàìjíríà, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Òun ló bàjẹ́ nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti là sí méjì. Gbogbo ìgbà tó bá tẹ tọ́tù, apá kan ìfúnpá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, apá kan ń wọ inú ikùn ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ló ń mú ọkọ̀ rọ̀. Èyí tó wọ inú ikùn ló ń ti ọ́ìlì jáde níbi gbogbo tí gáásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ìsopọ̀ irin, bá ti rẹ̀ díẹ̀, tó fi mọ́ tọ́bò. Ẹ rí i báyìí pé aṣebi kan ṣoṣo ló ṣe ibi méjèèjì.

Àyẹ̀wò imú ẹ́ńjìnnì kò la owó lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lójú kan. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da ọ́ìlì sí i, kí ẹ gbé nylon pure water kan tí ẹ ti là sí méjì lé ẹnu ihò náà. Bí imú bá là, nylon náà á rọra lẹ̀ mọ́ ihò, bí ẹni tó ń fa èémí sínú. Bó bá ń gbọ̀n lásán, ẹ má fòyà. Bó bá wú sókè tó sì fò dà nù, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ nínú ikùn: bóyá imú ti dí, bóyá ríìngì pisítìnì ti jẹ. Ẹ́ńjìnnì 1.8T lè gbọ̀n díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣí ìdérí yẹn. Bó ṣe rí nìyẹn, kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Fún fáàfù ọlọ́nà-kan, ẹ yọ ọ́, ẹ nù ún mọ́, ẹ fẹnu fẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́ kìíní, kí ẹ fẹ́ ẹ láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ló gbọ́dọ̀ gbà fún yín.

Bí imú bá dáa, tí ọ́ìlì ṣì ń jò, ó kù kí ẹ wá ojú ibi tó ti ń jò. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni. Ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ ọkọ̀ di ọjọ́ kejì. Omi tó mọ́ gaara, omi ẹ̀rọ amúlétutù ni, ẹ bọ́ sùn. Ọ́ìlì pupa sábà máa ń jẹ́ ti jíà. Aláwọ̀ osùn tó fúyẹ́ bí omi lè jẹ́ omi rédíétọ̀ Volkswagen. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú tàbí kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì máa ń yọ̀ láàárín ìka.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ẹ́ńjìnnì. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe lè rí ojú ìsun lára irin tí ọ́ìlì ọdún mẹ́ta ti bò. Ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi nylon wé ibi tí wáyà àti iná wà, ẹ fi ọṣẹ tó ń já ọ́ìlì fọ̀ ọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wá bu páódà ọmọdé sí gbogbo ibi tí ẹ bá fura sí, kó funfun báláú. Ẹ wà á fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ padà wá fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ibi tí ọ́ìlì bá kọ́kọ́ fà lára páódà, ó máa ń hàn ketekete bí ìlà gègé lórí ìwé.

Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Ọ́ìlì kì í gòkè. Ìsàlẹ̀ ló ń ṣàn sí, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á sì tún fẹ́ ẹ sẹ́yìn. Ibi tó ti ń kán sílẹ̀ lè jìnnà sí ibi tó ti yọ tó ìwọ̀n apá kan. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti sọ jíà kalẹ̀ nítorí síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, tó sì jẹ́ pé gáásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ló ń jò, tó ń ṣàn gba ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀.

Nínú 1.8T, ìdérí òkè yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá ń jò sí apá ibi tí èéfín ti ń jáde, ọ́ìlì á máa kán sórí irin gbígbóná, ẹ ó máa gbóòórùn ọ́ìlì jíjó nígbà tí ẹ bá dúró nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, èéfín díẹ̀ á sì máa yọ lẹ́nu bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ohun tó ń fa ṣéènì inú orí ẹ́ńjìnnì le. Ó ní gáásíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ àti rọ́bà kan tó rí bí ìlàjì òṣùpá, rọ́bà yẹn sì máa ń gan tó bá pẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tí fílítà ọ́ìlì jókòó sí. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wá dé ọ̀dọ̀ tọ́bò: ẹ wo wáṣà bàbà tó wà lórí páìpù tín-ín-rín, ẹ wo gáásíkẹ́ẹ̀tì páìpù ìsàlẹ̀.

Èéfín náà máa ń sọ̀rọ̀. Bó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá dúdú, epo ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, a máa tó débẹ̀. Bó bá funfun bíi kùrukùru tí kò lọ bọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀. Ti búlúù ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Bó bá jẹ́ pé ẹ dúró pẹ́ nínú gó-sìlò, tí ẹ wá tẹ tọ́tù, tí èéfín búlúù bo ọkọ̀ ẹ̀yìn yín, ẹ fura sí tọ́bò, torí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ kò sí afẹ́fẹ́ tó tó láti ti òrùka irin yẹn lẹ́yìn. Bó bá jẹ́ pé ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, tí èéfín wá yọ nígbà tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, rọ́bà ìdí fáàfù inú orí ẹ́ńjìnnì ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ pààrọ̀ òun.

Bí ẹ bá tú páìpù ńlá tọ́bò, tí ẹ rí ọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ bí ẹni fi òróró para, ẹ má pariwo. Imú ẹ́ńjìnnì ló ń mí in síbẹ̀, ó wà nínú èyí tó dáa jù pàápàá. Àmọ́ bí ẹ bá lè da ìdajì ife jáde nínú rédíétọ̀ afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ẹ yọ páìpù ẹnu tọ́bò, kí ẹ fi ìka méjì di orí ọ̀pá mú láàárín abẹ̀bẹ̀. Ẹ mì ín sọ́tùn-ún sósì: á mira díẹ̀, torí ọ́ìlì ni ibùsùn rẹ̀, ọ́ìlì sì ti ṣàn lọ. Kò kàn gbọdọ̀ mira débi tí abẹ̀bẹ̀ á fi kan ògiri ni. Ẹ wá fà á síta, kí ẹ tì í sínú. Níhìn-ín kò gbọdọ̀ sí ìmìra kankan tí ọwọ́ lè mọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ kọ́, bíárín rẹ̀ ti jẹ. Tọ́bò jẹ̀bi lóòótọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ agbára. Tọ́bò kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí èéfín bá ṣe ń pọ̀ ni á máa yí sí i, tí á fi fọ́ ẹ́ńjìnnì. Nítorí náà, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wastegate lédè òyìnbó, tí a ó máa pè ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Bó bá ṣí, apá kan èéfín á gba ibẹ̀ lọ láìkan abẹ̀bẹ̀, tọ́bò á sì rẹlẹ̀. Agolo kékeré kan tó ní sípíríǹgì nínú ló ń ṣí i. Ìfúnpá tọ́bò fúnra rẹ̀ ló ń gba họ́ọ̀sì tín-ín-rín wọ inú agolo náà, tó ń ti sípíríǹgì, tó sì ń fi ọ̀pá kan ṣí ilẹ̀kùn. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: ẹni tó ń ṣe àṣejù ni wọ́n fi okùn ìjánu sí lọ́wọ́.

Sípíríǹgì yẹn kò le. Bí a bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un nìkan, ìfúnpá kò ní kọjá nǹkan bíi 5, ọkọ̀ á sì wúwo. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi fáàfù oníná kan sáàárín họ́ọ̀sì náà. Orúkọ rẹ̀ nínú Volkswagen ni N75. Ó ní ẹnu mẹ́ta: ọ̀kan ń gba ìfúnpá, ọ̀kan ń fi í ránṣẹ́ sí agolo, ọ̀kan ń dá díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sẹ́nu tọ́bò. Ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn brain box tí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn rewáyà, ló ń pàṣẹ fún un. Bó bá fẹ́ kí ìfúnpá pọ̀ sí i, á ní kí N75 dá púpọ̀ padà. Agolo á gba kékeré, ilẹ̀kùn á wà ní títì.

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà ti ń ṣìnà. Bí họ́ọ̀sì tín-ín-rín tó lọ sínú agolo bá ya tàbí tó yọ, agolo kò rí nǹkan kan gbà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò ní ṣí, ìfúnpá á pọ̀ jù. Bí páìpù ńlá bá ya, tàbí kílíìpù rẹ̀ tú, afẹ́fẹ́ á sá lọ kó tó dé ẹ́ńjìnnì, ìfúnpá á kéré jù. Yíya ni méjèèjì, ìtumọ̀ wọn sì yàtọ̀ bí ọ̀sán àti òru. Bí N75 kò bá rí iná mọ́, sípíríǹgì nìkan ló kù, ọkọ̀ á kàn wúwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọkọ̀ tí ìfúnpá rẹ̀ pọ̀ jù kì í dùn ún wà fún ìgbà pípẹ́. Á fò bí ẹṣin fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ ó sì rò pé oríire ni. Ọpọlọ ọkọ̀ á rí i, á sì gé agbára kúrò kí ẹ́ńjìnnì má bàa fọ́. Ọkọ̀ á wá máa tiro títí tí ẹ ó fi pa á, kí ẹ tún un tan. Ọkọ̀ tí ìfúnpá rẹ̀ kéré kì í fò rárá. Á máa súfèé tàbí kó máa dún fùùù bí ẹ bá tẹ tọ́tù, èéfín dúdú sì lè máa yọ. Ẹ̀rọ kan wà lẹ́nu fílítà tó ti ka afẹ́fẹ́ náà kó tó wọlé, ọpọlọ ọkọ̀ sì ti wọn epo fún iye tó kà. Apá kan afẹ́fẹ́ sá lójú ọ̀nà, epo rẹ̀ kò sá. Òun ló ń di èéfín dúdú yẹn.

Síkánà, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka ohun tó wà nínú ọpọlọ ọkọ̀, á fi kún ohun tí ẹ ti rí. Kóòdù P0234 túmọ̀ sí pé ìfúnpá pọ̀ jù, P0299 sì túmọ̀ sí pé ó kéré jù. Wọn kò sọ pé tọ́bò ti kú o, bó ti wù kí ẹni tó di síkánà mú bínú tó. Ẹ ní kó ṣí ibi tí ẹ ó ti rí ìfúnpá tí ọpọlọ ọkọ̀ béèrè àti èyí tó rí gbà, kí ẹni kan máa wakọ̀, kí ẹnì kejì máa wò ó. Afẹ́fẹ́ ayé lásán jẹ́ nǹkan bíi 1,000 lójú síkánà. Bó bá béèrè 1,600, tó rí 1,250, tí N75 sì ń ṣiṣẹ́ dé 95 nínú ọgọ́rùn-ún, a jẹ́ pé ọpọlọ ọkọ̀ ti ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe. Afẹ́fẹ́ ń sá níbì kan, tàbí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò pa dé dáadáa.

Kí ẹ tó wá páìpù tó ya, ẹ yọ fáàfù ìdápadà wò. Òun ni diverter valve. Nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lójijì, afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ti fún pọ̀ kò rọ́nà wọlé mọ́. Fáàfù yìí á dá a padà sẹ́nu tọ́bò kó má bàa gbá abẹ̀bẹ̀. Awọ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀, tó máa ń ya. Ẹ fi ìka ti pisítìnì inú rẹ̀ wọlé dé òpin, ẹ fi àtàǹpàkò kejì dí ihò kékeré tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ wá jọ̀wọ́ pisítìnì náà. Bó bá dúró sínú, awọ náà ṣì dáa. Bó bá rọra ń jáde bọ̀, ó ti ya. Àyẹ̀wò yìí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, mo sì ti rí ọkọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wàhálà wọn parí sí.

Bó bá dáa, ó di ọ̀rọ̀ fọ́kánáísà. Ẹ ti rí bó ṣe máa ń ri túùbù bọ inú bẹ́síìnì omi, tí ibi tó lu bá ń hó. A kò lè ri ẹ́ńjìnnì bọ omi, omi ọṣẹ la ó wọ́n sí i. Ẹ ra ìdérí páìpù omi tó bá ẹnu páìpù tọ́bò mu lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò púlọ́ńbà, kí wọ́n lu ihò sí i, kí wọ́n ki imú táyà bọ̀ ọ́. Ẹ yọ họ́ọ̀sì imú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ dí ibi tó ti so mọ́ páìpù, kí afẹ́fẹ́ má bàa wọ ikùn lọ fọ́ síìlì tó ṣì dáa. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ wà ní pípa, kó sì tutù. Ẹ fi afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, kó má kọjá 10 lórí géèjì. Fọ́kánáísà á fẹ́ fi 30 sí i bó ṣe mọ́ ọn lára. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ wá wọ́n omi ọṣẹ sí gbogbo ìsopọ̀, lábẹ́ rédíétọ̀ afẹ́fẹ́, nídìí fáàfù ìdápadà. Ibi tó bá ń yọ fọ́ọ̀mù ni ẹ ti ń náwó láti ọjọ́ yìí.

Bí gbogbo ẹ̀ bá wá dáa, tó jẹ́ pé tọ́bò ló kú nítòótọ́, ẹ béèrè ohun tó pa á kí ẹ tó so òmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹrẹ̀ ọ́ìlì ni. Passat 1.8T kò gba ọ́ìlì tó lítà mẹ́rin, ó kéré fún iná tó ń mú un. Bí ọ́ìlì náà bá jẹ́ olówó pọ́ọ́kú, tó sì pẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, á jó, á dì bí àmàlà tó ti sùn, á sì dí asẹ́ tó ń sẹ́ ọ́ìlì nísàlẹ̀. Ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì 5W-40 tí wọ́n kọ VW 502 00 sí lára ni kí ẹ máa lò. Ẹ sọ páànù ìsàlẹ̀ kalẹ̀, ẹ fọ asẹ́ náà, ẹ pààrọ̀ páìpù tín-ín-rín tọ́bò, torí pé èyí tó ti dí ló pa ti àkọ́kọ́, òun náà ni yóò pa èyí.

Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ tí ẹ bá so tọ́bò tuntun láìkọ́kọ́ fún un ní ọ́ìlì mu. Ẹ da ọ́ìlì tútù sí ihò òkè rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ yọ fíúsì páǹpù epo kí ọkọ̀ má bàa jí, kí ẹ fi sítátà yí i fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹ sinmi, kí ẹ tún yí i. Ẹ fi ìdí páìpù ìsàlẹ̀ sílẹ̀ láìtíì dì í, kí ẹ gbé agolo sábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ọ́ìlì bá ń ṣàn jáde níbẹ̀ láìdúró ni kí ẹ tó dì í, kí ẹ dá fíúsì padà, kí ẹ wá tan án.